Ẹni Tó Mú Bírò Dání Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá

Nọ́ńbà ni mo fi ń jẹun, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀: 52 sí 52. Ìbò tí wọ́n dì ní Singapore nìyẹn ní oṣù keje ọdún 2005, nígbà tí ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ń pinnu bóyá softball yóò wà nínú ìdíje ọdún 2012. Èèyàn 52 ní kó dúró, èèyàn 52 ní kó máa lọ, ẹnì kan ò dá sí i. Eré tí kò bá sì ti rí ju ìdajì ìbò lọ, ó ti jáde nìyẹn. Láti ọdún 1996 ni àwọn obìnrin ti ń gbá a ní Òlíńpíìkì. Wọ́n gbá a ní Beijing lọ́dún 2008, ó tán. Wọ́n dá a padà ní Tokyo, wọn ò gbá a ní Paris 2024, wọ́n tún ní yóò wà ní Los Angeles 2028. Wọlé, jáde, wọlé, jáde, bí ayálégbé tí lanlọ́ọ̀dù ò fẹ́ràn.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ò dé Singapore rí, kò sì dé Amẹ́ríkà. Orí àga onírọ́bà ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé-ìwé kan níbí ní Òkìtìpupa, ó ń fi bírò gún afẹ́fẹ́. "Ẹnì kan ṣoṣo o! Ẹnì kan ló jókòó síbẹ̀ tí kò nawọ́. Ṣé ó ń sùn ni?" Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ tó báyẹn, inú ṣì ń bí i bí ẹni pé àná ni.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní bí mo bá dárúkọ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹbí á rò pé òun ti lówó. Àǹtí Géèmù ni àwọn ọmọ pápá ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Èmi ń pè é ní Màmá. Òun ń pè mí ní Ẹnjiníà. Mo ti ṣàlàyé títí pé kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo kà, pé sọ́fúwíà ni mo ń kọ, pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹnjiníà náà ni."

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí softball rí: àbúrò baseball ni. Chicago ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1887, nínú ilé, nígbà òtútù. Èèyàn mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kan ń kó sí pápá. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ ìbàdí, apá rẹ̀ á yí po bí fáànù. Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a, á sì sá láti béèsì dé béèsì títí á fi padà dé ibi tó ti gbéra, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ló wà láàárín béèsì kan àti èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 43 ló wà láàárín ẹni tó ń jù ú àti ilé, bó bá jẹ́ àwọn àgbà obìnrin. Ìpele méje ni wọ́n ń gbá. "Soft" wà nínú orúkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà le. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ojúgun mi.

Ojúgun yẹn gan-an la fi mọra. Ọdún 2020, nígbà Kòrónà, ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní kí oníkálukú lọ máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Òkìtìpupa nilé tèmi. Mo kó laptop àti sólà kékeré kan wá, mo ní oṣù mẹ́ta ni n ó lò. Mo ṣì wà níbí. Nígbà tí wọ́n tún ń jẹ́ kí èèyàn jáde, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá náà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù fò wá, ó bà mí lójúgun. Obìnrin kan sáré tọ̀ mí bọ̀. Mo ti ń múra àtisọ pé kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń sáré bọ̀ wá bá. Bọ́ọ̀lù ló ń wá. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó kù fún wọn nìyẹn. Ìgbà tó rí i tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o lè dúró?"

Ẹ bá mi wo Sátidé rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, á mú igi kan, á gba pápá lọ. Ẹ mọ òjò tiwa. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ibi tí òjò ti ń tijú. Á ki igi náà bọlẹ̀ níbi mẹ́rin. Bí omi bá tẹ̀lé igi jáde, ó mọ̀ pé aago mẹ́jọ ò ṣeé ṣe mọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó di aago mẹ́wàá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní àwọn ìyá tó yẹ kó rí i ò ní dátà. Káàdì ìpè ló ń rà, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń rà á.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó di orí okùn. Okùn ọ̀rá gígùn kan ni, ó ní kókó mẹ́ta: èkíní wà ní ẹsẹ̀ bàtà 43, èkejì ní 60, ẹ̀kẹta sì wà ní 84 àti ìnṣì 10, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n láti ilé kọjá láàárín pápá lọ sí béèsì kejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí kókó kẹta yẹn, mo yọ fóònù, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó pé. Pythagoras tí wọ́n fi yọ wá lẹ́nu ní sẹ́kọ́ńdìrì, orí okùn ọ̀rá ló gbé tirẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló máa ń da lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń fún un ní ilé ìlagi sórí ìlà, torí ẹfun wọ́n, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Àpò ìrẹsì tí wọ́n ki lẹ́búlẹ́bú kan náà bọ̀ ni béèsì.

Ìbọ̀wọ́ mọ́kànlá ló wà fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti fẹ́ kúrò ní pápá, oníkálukú á fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ lórí koríko níbi tó dúró sí, ẹni tó ń bọ̀ wá dúró níbẹ̀ á mú un. Àlejò tó bá rí i lákọ̀ọ́kọ́ á rò pé wọ́n gbàgbé ẹrù ni. Ọwọ́ òsì sì ni wọ́n ń wọ gbogbo ìbọ̀wọ́ náà sí, nítorí náà ọmọ tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju nǹkan. Mo rí ọmọ kan tó fi odidi sáà kan kọ́ ọ. Ìdí ìgèrè ló ń jù sí lójoojúmọ́, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀.

Èyí tí mo sọ yìí, ojú lásán lè rí i. Àwọn èyí tí ojú ò rí ló pọ̀ jù. Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí òbí á fọwọ́ sí. Owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń ti Òde-Ìrèlè àti Igbótako wá. Nọ́ọ̀sì kan tó ní kó máa jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bándéèjì, tó sì jẹ́ pé ẹja gbígbẹ ló fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ń gba àsìkò rẹ̀ jù ni àwọn bàbá. Mo fi ọ̀kadà mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan lára wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa lómi, ó wá ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ ò ṣe mí níbi kankan. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wo ló ń yọ igi kiri láàárín ọ̀sán?"

Màmá mu omi rẹ̀ tán kó tó fèsì. Ó ní, "Bàbá, ọmọ odó tó wà lẹ́yìn ilé yín yẹn, ta ló ń gbé e?"

"Òun náà ni."

"Ṣé ẹ ti gbé e wò láìpẹ́ yìí?"

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀rín ló bẹ́. Ó fọwọ́ síwèé. Ọmọ náà ló jìnnà jù lọ nínú àwọn tí mo ti rí tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ odó lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Á jókòó sórí àga onírọ́bà, á ṣí ìwé Higher Education ẹlẹ́yìn líle kan lé itan, á mú bírò. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù ló ń kọ. Ọ̀nà ìkọsílẹ̀ yìí ti pẹ́ láyé: Henry Chadwick, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn ní New York ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ló ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni 1, ẹni tó ń mú un lẹ́yìn ilé ni 2, béèsì àkọ́kọ́ ni 3, títí dé 9. Bí ẹ bá rí 6-4-3 nínú ìwé, ó túmọ̀ sí pé ẹni tó wà láàárín béèsì kejì àti ẹ̀kẹta he bọ́ọ̀lù, ó jù ú sí béèsì kejì, ìyẹn jù ú sí àkọ́kọ́, èèyàn méjì sì ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. K ni ti ẹni tó ju igi títí tí bọ́ọ̀lù mẹ́ta fi kọjá lára rẹ̀. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú "struck" ni K yẹn, Chadwick ló yàn án. Fún ẹni tó ń kọ kóòdù, ohun ìyanu ni. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan, ìjà, ẹkún, ariwo, gbogbo ẹ̀ wọ ojú ìwé kan, ẹni tí kò sí níbẹ̀ sì lè kà á lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bọ́ọ̀lù-sí-bọ́ọ̀lù.

Ọdún 2006 ni ìwé àkọ́kọ́. Mẹ́rìnlá ló ti kọ nígbà tó ní kí n bá òun kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ikán ti jẹ ọ̀kan dé ìdajì, òjò ti rẹ òmíràn tí táwà rẹ̀ fi di àwọ̀sánmà. Orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì ń ronú ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ òun. "Ẹnjiníà, bí mo bá kú, àwọn ọmọ mi á fi ìwé yìí di àkàrà." Mi ò bá a jiyàn. Mo mọ àwọn ọmọ náà.

Mo fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, mo kọ ètò kékeré kan tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, torí netiwọ́ọ̀kì níbí ní ìwà tirẹ̀. Lálẹ́, bí mo bá parí iṣẹ́ àwọn tó ń sanwó fún mi, mo máa ń tẹ ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òpó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ọmọ tí kò sí nínú ti Chadwick. Ọ̀kan ní U lókè, èkejì ní L.

Mo wá U káàkiri. Mo ka ìwé òfin softball, mo wo bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ tiwọn. Kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀! Uṣẹ́ ni!" Ibi tí àwọn Yorùbá yòókù ti ń sọ pé iṣẹ́, u la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé wa. Ohun tí ọmọ náà ti ṣe kó tó dé pápá ló ń kọ síbẹ̀. "Bó ẹ̀gẹ́." "Pọn omi, ìgbà mẹ́fà." "Kiri ẹja." "Dúró ti àbúrò, kò sùn." Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ní kó to àwọn K sí ẹ̀gbẹ́ U. Àwọn ọmọ tó ti bó ẹ̀gẹ́ fún pùpùrù láti ìdájí ló ní K jù ní ìpele méjì àkọ́kọ́. Tó bá di ìpele karùn-ún, tí wọ́n ti mu omi, tí wọ́n ti sinmi díẹ̀, wọ́n ń gbá a bí àwọn yòókù. Mo gbé èyí lọ fún un bí ẹni tó rí wúrà. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ nínú títò." Láti ọdún 2008 ló ti ń ṣe é.

L ni "lọ". Orúkọ ẹni tó mú ọmọ náà délé ló wà níbẹ̀, àti aago tó fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti dé. Kò sí òpó L tó ṣófo nínú ìwé mẹ́rìnlá. Kódà nínú ìwé tí ikán jẹ, ibi tí wọn ò jẹ dé pé.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kọ ètò tó ń tọ́jú dátà, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè: ojú mélòó ló wò ó, ìṣẹ́jú mélòó ló lò, kí ló rà. Kò sí ẹni tó tíì ní kí n ṣe òpó fún ta ló mú ọmọ délé. Ọ̀rọ̀ náà sì tún ní ẹ̀gún tirẹ̀, torí ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn nígbà náà, orúkọ wọn, ilé wọn, ẹni tó ń bá wọn rìn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí òfin ààbò dátà tó jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 ni mo ti sọ fún Màmá pé èyí ò ní gun orí íntánẹ́ẹ̀tì láé. Nọ́ńbà ló dúró fún orúkọ nínú ètò tí mo kọ. Ìwé kan ṣoṣo tí nọ́ńbà àti orúkọ ti pàdé wà nínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwa tó ń kọ sọ́fúwíà mọ irú èèyàn báyìí dáadáa, a kàn máa ń gbàgbé wọn títí nǹkan á fi bàjẹ́ ni. Ní ọdún 2014, wọ́n rí ihò ńlá kan tí wọ́n pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, ètò tí ìdá tó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èèyàn díẹ̀ báyìí ló ń tọ́jú rẹ̀, pé owó tí àwọn èèyàn fi ń ta wọ́n lọ́rẹ ò ju nǹkan bí ẹgbàá dọ́là lọ lọ́dún. Ní ọdún 2024, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀yìn wọ kọ̀ǹpútà àìmọye, torí ẹni kan ṣoṣo tó ń tọ́jú ètò XZ láìgbowó ti rẹ̀, ó sì gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dé bí ọ̀rẹ́. A ní ọ̀rọ̀ dáadáa tí a fi ń yin irú wọn: fọ́lọ́ńtíà, olùfọkànsìn, ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́. Nígbà míì mo máa ń rò pé ìyìn yẹn, owó ni a fi ń fi pamọ́.

Mo lọ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ tí èèyàn bá gòkè. Mo rí orúkọ kan tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa: Ọ̀gágun Ishola Williams. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà láyé Abacha, á ní ọ̀gágun tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1993 nígbà tí Abacha gbàjọba ni. Àwọn míì á ní òun ló wà nídìí Transparency International ní Nàìjíríà, pé ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ ló ń bá jà. Ẹ ò ní tètè rí ẹni tó máa sọ fún yín pé òun náà ni ààrẹ ẹgbẹ́ baseball àti softball Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ti darí ọmọ ogun, ẹ wo ibi tó tún lọ jókòó sí: ìpàdé, lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sanwó ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, kò yà á lẹ́nu. "Ológun mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan," ó ní, ó sì ń bá lílà rẹ̀ lọ.

Títò náà ò rọrùn lókè pẹ̀lú o. Ní oṣù keje ọdún 2019, South Africa àti Botswana lọ sí Utrecht ní Netherlands láti bá àwọn ará Yúróòpù du ààyè kan ṣoṣo fún Tokyo. Italy ló gbà á. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló gbá softball ní Tokyo, kò sí ọ̀kan láti Áfíríkà nínú wọn.

Ní ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ pápá dé. Wọ́n pe ìpàdé, àwọn òbí, àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀, àwọn ẹbí tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ nígbà láéláé. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì, kí ilé-ìwé lè máa rí owó. Mi ò lè sọ pé àbá burúkú ni. Òrùlé kíláàsì méjì ti ṣí. Ẹnì kan dìde, ó ní pápá náà ò wúlò, koríko àti ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀, bó bá ti lè jẹ́ ìgbà ìdíje ilé-sí-ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn èèyàn mi orí.

Màmá ti gbé àpò Ghana-must-go wá. Èmi ti rò pé ìwé tí mo tẹ̀ jáde ló máa lò: ojú ewé méje, gbogbo Sátidé tí wọ́n ti gbá eré níbẹ̀ láti ọdún 2006, tó ju irinwó lọ, mo to ó lẹ́sẹẹsẹ. Ó fún alága ní tèmi, alága yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá bá mú ìwé karùn-ún jáde nínú àpò, ó fi ìka tọ́ ọ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún 2011, oṣù kẹfà. Òjò dá eré dúró ní ìpele kẹrin. Ó ka àmì ayò. Ó dé orí ọmọ kan, kò dárúkọ ọmọ náà. "U: kiri ẹja. K kan, ó tún gba béèsì kan. L..." Ó gbójú sókè. "Alága, ẹ̀yin ni L. Ọkọ̀ yín lẹ fi gbé e dé Ìlútitun. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ pè mí."

Alága dákẹ́. Ó ní, "Òjò ńlá ni."

"Òjò ńlá ni, sà."

Ó ka L mìíràn, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ẹbí onílẹ̀ ni. Ó ka òmíràn, ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ koríko àti ewúrẹ́ ló ní ọkọ̀ náà. Kò fi ohùn líle kà á rárá. Bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì ló ṣe ń kà á. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kó wo ọdún 2014 fún àwọn, kó wo ọdún 2017. Ìpàdé tó yẹ kó parí ní aago mẹ́rin parí ní aago mẹ́fà ààbọ̀.

Wọn ò fagi lé ṣọ́ọ̀bù o. Òrùlé ṣì ń jò. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé ni pé ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa kọ́, ní etí títì, kí ìyókù wà bó ṣe wà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn pápá lápá òsì ti kúrú. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ ọlọ́mọ odó yẹn bá gbá síbẹ̀, orí páànù onísọ́ọ̀bù ló máa balẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a lọ wọn ibẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ àtijọ́ tẹ̀ lé wa, ó ń kàwé ní yunifásítì tó wà nílùú wa níbí, òun náà ni ọlọ́wọ́ òsì tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ìdí ìgèrè. Èmi di orí okùn mú ní ilé. Màmá rọra ń tẹ ẹsẹ̀ lọ nínú ìrì, ó ń na okùn lẹ́yìn, ó dúró níbi tí wọ́n ti fi èèkàn sàmì sí ògiri tó ń bọ̀. Ó wo kókó, ó fi ìka ka ìyókù, ó wá pariwo nọ́ńbà náà padà sí wa. Ọmọbìnrin náà ti ṣí ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó kọ ọ́. Màmá ní kó kà á sí òun létí. Ó kà á. Màmá ní, "Kọ ọjọ́ sí i," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn bọ̀.